Ta Ni Yóò Pààrọ̀ Ọ́ìlì Bàálù Bàbá?

Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ìwé tí Lọ́yà kà kó tó di lọ́yà. Òun náà ló mọ iye eyín tí Dókítà fà yọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ iṣẹ́ náà lára. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì kó jọ láyé, inú ọ́ìlì ló rì sí. Mi ò sọ ọ́ìlì tí wọ́n fi ń dín nǹkan o. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bàálù ni mò ń wí, iṣẹ́ tí kò ju pé kéèyàn tú ìdérí kan nísàlẹ̀, kí ó jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn jáde, kí ó yọ asẹ́ rẹ̀, kí ó fi tuntun rọ́pò, kí ó sì wá bu ọ́ìlì tuntun sí i. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Ẹni tó bá tètè jí á ti parí ẹ̀, á ti fọwọ́, kí oòrùn tó mú.

Abẹ ló ni àwọn méjèèjì. Lọ́yà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ti inú ìyá kan wá, Dókítà eyín sì ni ọkọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, nítorí náà kò rí ẹni dá lẹ́bi. Abẹ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, torí kò sí ohun tí ẹnu náà bà lé tí kì í gé. Ìṣirò ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń sọ pé ó sàn kí Tíṣà bú àwọn ju kí ó yin àwọn lọ, torí èébú tiẹ̀ ṣì níbi tó máa ń parí sí.

Bàbá Abẹ ló ni bàálù náà. Awọnlẹ̀ ni bàbá. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn èèyàn ń pariwo mọ́ ọn pé ó ti kọjá ààlà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ máa wo ilẹ̀ láti òkè báyìí, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa pariwo mọ́ òun. Bàálù kékeré ló rà, ìjókòó mẹ́rin, abẹ̀bẹ̀ kan níwájú, apá rẹ̀ sì wà lókè orí àwọn tó jókòó débi pé kò sí ohun tó dí wọn lójú láti wo ìsàlẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, á gbé ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tọ odò lọ títí dé ibi tó ti ṣẹ́rí padà, wọ́n á wá gba orí ilé wọn bọ̀. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀, bàbá á tẹ apá bàálù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìyá lè rí òrùlé rẹ̀ àti aṣọ tó sá sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá máa ń sọ pé láti òkè yẹn nìkan ni òun ti ń rí i pé ilé òun mọ́.

Bàbá ní òfin kan lórí bàálù yìí: ẹni tó ń fò ó ló gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀. "Ẹni tí ò lè fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀, kó má gbé ẹ̀mí ẹ̀ lé e lórí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Tí bàálù bá ti fo àádọ́ta wákàtí, bàbá á wọ aṣọ iṣẹ́, á wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá sì fò tó bẹ́ẹ̀, tí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá, á ṣe é bákan náà, torí ó ní ọ́ìlì tó jókòó sójú kan máa ń bàjẹ́ ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá àwọn ìbátan rẹ̀ kan wí.

Nígbà tí ó máa kú, ó fi bàálù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ọkọ ọmọ rẹ̀ pọ̀, torí àwọn méjèèjì ti gba ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù, wọn kò sì fẹ́ràn ara wọn. Ó rò pé ohun tí èèyàn méjì bá jọ ní á so wọ́n pọ̀. Èèyàn rere ni bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àádọ́ta wákàtí pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, Lọ́yà ló wà lórí àga awakọ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ sókè, torí ẹni tó ti jiyàn níwájú adájọ́ àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní ọ́ìlì lójú ẹ̀? Ó tú ìdérí, ó gbé orí síbi tí kò yẹ kí orí wà. Nígbà tó máa fi jáde, láti àgbọ̀n dé ìdodo, dúdú ló kù. Dókítà kàn yọ fóònù, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Agbẹjọ́rò wa nínú ẹjọ́ tó le." Àǹtí bàbá Abẹ kan wà tó ṣì máa ń ní kí wọ́n fi fọ́tò náà han òun tí ara òun ò bá yá.

Lọ́yà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣọ́ra fún lọ́yà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi gbé òfin tuntun kalẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ìyá wọn: ẹni tí àádọ́ta wákàtí bá pé sí lọ́wọ́, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan ló fi kọjá, òun ni yóò pààrọ̀ ọ́ìlì, ojú ẹnì kejì ni yóò sì ti ṣe é. Dókítà ní kò burú, ó bá a bọ ọwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Lọ́yà lọ ra kámẹ́rà.

Aago kan wà nínú bàálù náà tó ń ka wákàtí, kì í sì í kà á àfi tí bàálù bá wà lófuurufú. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ, títí ó fi ka mọ́kàndínláàádọ́ta lórí ọ́ìlì tí Lọ́yà dà sí i. Ibẹ̀ ni ìwà ọmọlúàbí ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kàn," Dókítà wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn bàálù sílẹ̀ fún Lọ́yà.

"Rárá o, Dókítà. Àna kì í tẹ̀lé èèyàn lẹ́yìn nílé wa. Ẹ máa lọ síwájú."

"Ẹ̀yin ni àkọ́bí Bàbá. Tí mo bá gùn ún ṣáájú yín, kí làwọn èèyàn máa sọ nípa mi?"

"Wọ́n máa sọ pé mo bọlá fún yín."

Abẹ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń gbé bàálù sí ní pápá, ó ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀wọ̀ ja ìjà rí, ó bá fi bírò sílẹ̀ kí ó lè gbádùn ẹ̀. Ọjọ́ yẹn parí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gun bàálù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bákan náà. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn bàálù náà kò mọ̀ bóyá kí òun ṣí ni tàbí kí òun tì.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n pa ohun tí bàbá fi sílẹ̀ tì, wọ́n wá ọgbọ́n kan dá. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á wá sí pápá, wọ́n á ti bàálù jáde nínú ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jí. Ẹni tó bá kàn á wọ awò dúdú, á wa bàálù náà lórí ilẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí ẹ̀, á yí i padà, á wà á bọ̀. Á juwọ́ sí àwọn tó dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà. Wọ́n á wá pa á, wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ nù ún, wọ́n á lọ jẹun. Aago wákàtí kò ní sún rárá. Dókítà ní ìyẹn náà tó láti máa mú ara ẹ́ńjìnnì gbóná kó má baà gbàgbé iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ bàálù di kẹ̀kẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ń gbéra ga lórí ẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú bàálù nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà, Sípánà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Á sọ̀rọ̀ ìjọba, á sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ àtijọ́, á sọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ló ni ayé. Tí òótọ́ bá wá gba ẹnu ẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tó ń dá a mọ̀ láàárín èrò. Ó sọ fún Lọ́yà pé oṣù mẹ́rin ti kọjá, ó ti tún kọjá, ọ́ìlì yẹn ò dáa mọ́. Lọ́yà ní wákàtí ni àdéhùn àwọn dá lé, wákàtí ò sì tíì pé. Ó sọ fún Dókítà. Dókítà ní òun ti ka ìwé bàálù náà láti páálí dé páálí.

"Ẹ kà á dé ibi oṣù mẹ́rin yẹn?"

"Mo kà á dáadáa," Dókítà dáhùn. Ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń sọ fún àwọn aláìsàn ẹ̀ pé eyín ń jẹrà nígbà tí èèyàn bá ń sùn, kò ní dúró kéèyàn jẹun kó tó bàjẹ́.

Ló bá ku Abẹ. Sípánà bá a lórí bẹ́ǹṣì ní Sátidé kan, Lọ́yà sì wà nínú bàálù ní ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí ewúrẹ́.

"Màdáámù, ẹ mọ ìdérí ìkòkò," Sípánà bẹ̀rẹ̀. "Tí omi gbígbóná bá wà nínú ìkòkò, tí ẹ sì dé e, tí ẹ bá ṣí i, omi á máa kán lára ìdérí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì yìí nìyẹn. Tí bàálù bá fò dáadáa, inú ẹ̀ á gbóná débi tí gbogbo omi yẹn á gbẹ. Èyí tí wọ́n ń ṣe yìí, wọ́n ń jẹ́ kó làágùn, wọn ò jẹ́ kó gbẹ. Omi ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ìdọ̀tí ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ó ń jẹ irin inú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n tiẹ̀ fi sílẹ̀ kó sùn, ì bá sàn díẹ̀."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ ọ́ títí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ẹ kàn ní kí n pààrọ̀ ẹ̀. Lónìí náà ni, kí n tó lọ sílé. Ẹ dákẹ́, kí n dákẹ́, wọn ò ní mọ̀."

Pé Sípánà fúnra ẹ̀ ní òun máa dákẹ́, ó yẹ kí ìyẹn ti ta Abẹ lólobó. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa bàálù bọ̀ kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró dè é pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀rín sì gbà á lọ́kàn.

"Sípánà, má ba eré jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ó wí. "Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ń ṣe ìwádìí, o fẹ́ lọ pa iná ibi tí wọ́n ti ń ṣe é? Fi wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ rí ẹni tó máa kọ́kọ́ jáwọ́."

Sípánà náà rẹ́rìn-ín, torí Màdáámù ló sọ ọ́, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Abẹ gbé ìtàn náà lọ sí yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún gbé e wọ kíláàsì. Ó ya ìlà kan sára pátákó tó ń gòkè lọ sí àádọ́ta, tó ń súnmọ́ ọn, tó ń súnmọ́ ọn, tí kì í sì í débẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lóye ohun kan rí nínú ìṣirò lóye èyí.

Ìyá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò pa lẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Arúgbó obìnrin tó lọ́ra láti sọ̀rọ̀ ni, ó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ méjì, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bá òun yí ọ̀rọ̀ po. Ọjọ́ ń lọ, ó ti ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn inú ilé tó ti ń gbé láti ogójì ọdún. Tí wọ́n bá gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní láti yí gbogbo orí kó tó rí i. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí gbogbo wọn jọ ń jẹun, ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ gbé mi lọ wo odò," ó wí. "Inú bàálù bàbá yín ni, lórí àga tèmi. Ẹ gbé mi gba orí ilé yìí náà, kí n rí i bí mo ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀. Ojú mi ń ṣe mí bákan."

Láti pápá dé ibi tí odò ti ṣẹ́rí padà, kí wọ́n sì tún gba orí ilé bọ̀, ó ju wákàtí kan lọ. Lọ́yà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé oúnjẹ mì pọ̀.

"Mọ́mì, ta ló tún lè gbé yín bí kò ṣe Ẹ̀gbọ́n?" Dókítà wí. "Àwọn ni wọ́n jọ Bàbá."

"Ọwọ́ Dókítà ló fúyẹ́, Mọ́mì," Lọ́yà fèsì. "Wọn ò ní jẹ́ kó gbọ̀n jìgìjìgì mọ́ yín."

Ìyá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Èyí tó bá wù yín nínú yín," ó wí, ó sì gbé ṣíbí rẹ̀. Abẹ bojú wo inú àwo rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Láti ìgbà náà lọ, ojú ọjọ́ ò dáa mọ́ láyé. Tí oòrùn bá ràn, Lọ́yà ní ẹjọ́. Tí ẹjọ́ ò bá sí, ẹnì kan ti fọ́ eyín, Dókítà sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Nígbà mìíràn ìkùukùu wà lókè odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lọ síbi odò láti lọ wò ó. Ní gbogbo Sátidé, ìyá á wọ bàtà, á jókòó sí pálọ̀ lẹ́bàá fóònù. Tó bá ti di ọ̀sán, á bọ́ bàtà náà. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Abẹ rí bàtà yẹn lẹ́bàá àga lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn aláìnítìjú wọ̀nyí á jáwọ́.

Ó mú ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nígbà tó yá. Dókítà ojú náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, ó wá bá Abẹ sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní ojú ìyá ń pa dé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, pé ohun tó ti lọ ti lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ihò kékeré kan ló kù láàárín tí ó fi ń wo ayé, ihò náà ò sì ní pẹ́ dí. Kí wọ́n jẹ́ kó rí ohun tó bá fẹ́ rí báyìí.

Abẹ délé, ó bá àwọn méjèèjì níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ó pa tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì sọ ohun tí dókítà ojú sọ fún un. Ojú tì wọ́n, ó hàn gbangba, ṣùgbọ́n ìtìjú ọ̀mọ̀wé kì í pẹ́ tó fi ń di ìjíròrò.

"A jọ máa gbé wọn lọ," Lọ́yà wí. "Mo máa wà á lọ, Dókítà á wà á bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí àádọ́ta máa pé sí ńkọ́? Ṣé ìgbà tí a bá ń lọ ni àbí ìgbà tí a bá ń bọ̀?"

"Ó máa wà lórí bí atẹ́gùn bá ṣe rí."

Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ Abẹ. Wọ́n ya odò sórí ìwé, wọ́n ń wọn ọ̀nà, wọ́n sì ní kí ó bá wọn ṣe é, torí òun ló mọ ìṣirò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú bí Abẹ. Síbẹ̀ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú odò, kẹ́ ẹ pààrọ̀ àga níbẹ̀." Ẹnu tí gígé ti mọ́ lára kò mọ ohun mìíràn ṣe.

Dókítà ló kọ́kọ́ fi bírò sílẹ̀. "Ó tó," ó wí. "Èmi ni mo máa pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn ní Sátidé. Lẹ́yìn náà a máa gbé Mọ́mì lọ." Láti ìgbà tí Lọ́yà ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí, kámẹ́rà rẹ̀ ti gba eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣẹ́gun níkẹyìn, kò sì rí ohun tó máa fi ìṣẹ́gun náà ṣe.

Ní Sátidé, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu tí wọ́n lè purọ́ mọ́. Ìyá wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, òun máa dúró nínú bàálù títí wọ́n á fi parí. Abẹ àti Lọ́yà gbé e gòkè. Ó fọwọ́ wá bẹ́líìtì rẹ̀, ó rí i, ó dè é mọ́ra, ó sì kọjú sí fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn, kò fi pa mọ́. Ó ń fọwọ́ pa àga ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà jáde wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tuntun tí wọ́n lọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó tú ìdérí, ó gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Abẹ ń retí dúdú. Ohun tó ṣàn jáde rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, òórùn kíkan sì bá a jáde.

Sípánà dákẹ́. Ìyẹn ba Abẹ lẹ́rù ju kí Sípánà kígbe lọ. Abẹ ń wò ó tó yọ asẹ́ ọ́ìlì, tó fi abẹ là á, tó tú bébà inú rẹ̀ sórí tábìlì. Nǹkan wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Sípánà mú mágínẹ́ẹ̀tì, ó fà á lórí bébà náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sókè. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ti hu irùngbọ̀n.

"Irin inú ẹ́ńjìnnì ni omi ń jẹ yìí," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ."

"Da tuntun sí i," Dókítà wí. "A máa rọra fò. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Dókítà, tí eyín bá ti jẹrà dé gbòǹgbò, ṣé ẹ máa ń ní kí wọ́n rọra fi fọ́ eegun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ́ńjìnnì yìí máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Wọ́n máa gbé e lọ, wọ́n máa tú u palẹ̀ pátápátá. Kó tó padà wá, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, tó bá yá."

Wọ́n gbójú wo inú pápá. Bàálù kejì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń fọ́n oògùn sí oko, ìjókòó kan péré ló ní. Lọ́yà súnmọ́ fèrèsé ìyá rẹ̀, ó rọ ohùn.

"Mọ́mì, nǹkan kan ti ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bínú, a máa háyà òmíràn fún yín."

"Ẹ máa háyà ọkọ mi náà?" ìyá béèrè. Kò gbóhùn sókè. Ìyá fi ọwọ́ kan ojú fèrèsé. "Ẹ gbé ohun tó jáde yẹn wá, kí n rí i."

Sípánà gbé bàsíà náà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wá a kiri nínú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún un, títí ó fi bá a. Ó wò ó pẹ́.

"Ọkọ mi máa ń sọ ọ́," ó wí. "Kó fò, kó má fò, oṣù mẹ́rin."

"Mo sọ fún wọn, Màmá," Sípánà dáhùn. "Mo sọ fún gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn?"

Sípánà wo Abẹ, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wù ú kí òun ti dákẹ́.

"Abẹ," ìyá pè. "Ó sọ fún ìwọ náà?"

"Ó sọ fún mi, Mọ́mì. Ó ní òun lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí mo bá ti lè ní kó ṣe é."

"Kí lo wá ṣe?"

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n Abẹ. Ó wá ọ̀kan tó mú, ó wá ọ̀kan tó rọ̀, kò rí èyí tó ṣeé mú jáde. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí kò ní àbàwọ́n.

"Mo rẹ́rìn-ín, Mọ́mì," ó wí.

Ìyá mirí. Ó yí ojú kúrò lára bàsíà, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, èjìká lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọrùn, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ojú Abẹ gan-an, ó sì dúró síbẹ̀.

"Rín in kí n rí i," ó wí. "Mo ṣì ń ríran díẹ̀."

Abẹ la ẹnu. Ìyá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó ń wò ó, ó ń dúró.